Apẹ̀rẹ̀ Ìyá Eléwé Tí Mo Tún Tò

Ní ọjọ́ tí a ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ Ìyá Àgbà mi, ààfáà tí wọ́n pè wá ṣe wáàsí ní oníwà pẹ̀lẹ́ ni olóògbé, ẹni tí kì í bá ènìyàn jiyàn. Mo gbójú sókè. Mo wo àwọn ẹbí mi lọ́tùn-ún, mo wò wọ́n lósì. Gbogbo wọn ti doríkodò, èjìká wọn ń mì. Àwọn àlejò rò pé ẹkún là ń sun. Ẹ̀rín là ń rín. Ààfáà náà kò ra ewé lọ́wọ́ Ìyá rí láyé rẹ̀.

Èmi ni mo bá wọn jiyàn jù nínú gbogbo ọmọ-ọmọ wọn, nítorí náà èmi ni mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. N kò ní sọ ọjọ́ tí a bí wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, àwọn fúnra wọn sì máa ń yí i padà bó bá ṣe wù wọ́n. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé ni ẹ̀sùn kan tí Ọjà'ba fi kọ́ wọn lọ́rùn ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, tí wọ́n sì gbé lọ sí sàréè. Wọ́n ní Ìyá Eléwé ta ewé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ. Mo fẹ́ já a kúrò lọ́rùn wọn kí n tó gbé kálámù sílẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n.

Sìfáwù ni orúkọ wọn, Àṣàbí ni oríkì wọn, ṣùgbọ́n láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, Ìyá Eléwé ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Ìsọ̀ wọn wà nísàlẹ̀ Mápó, níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀kalẹ̀ wọ inú ọjà. Páànù mẹ́rin ló bò ó, òpó rẹ̀ kan sì ti wọ́ nítorí pé gbogbo ọlọ́kadà tó bá fẹ́ sinmi ló ń fara tì í. Orí àpótí kékeré ni Ìyá máa ń jókòó sí, ẹsẹ̀ nínà, ìbòrí funfun lórí, ewúro tútù lẹ́nu. Wọ́n ń jẹ ewúro bí ẹni ń jẹ bísíkíìtì. Bí ẹnì kan bá wò wọ́n pẹ̀lú ìyanu, wọ́n á já ẹyọ kan fún un. Bó bá fi sẹ́nu tí ojú rẹ̀ sì fún pọ̀, wọ́n á ní, “Ṣó o rí i? Ìwọ lo korò. Ewé yẹn ò ṣe nǹkan kan.”

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí wọn ni àfọ́kù ìkòkò kan wà tí wọ́n gbin patanmọ́ sí. Ẹ ti lè rí ewéko náà létí ọ̀nà tàbí ní pápá: ó ń rá pálá nílẹ̀, ó ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́, òdòdó rẹ̀ sì rí roboto bí òwú tí wọ́n rẹ sínú aró àlùkò díẹ̀. Bí ọwọ́ bá kàn án, ewé rẹ̀ á pa dé lójú ẹsẹ̀. Ìyá sọ ọ́ di adájọ́ ọjà. Bí oníbàárà bá ń ná ewé ní ìnákúnàá, wọ́n á ní kó fọwọ́ kan patanmọ́: bí ewé rẹ̀ bá là sílẹ̀, oníbàárà ló jàre, bó bá pa dé, iye tí Ìyá dá lé ọjà ni. Mo jókòó ti ìsọ̀ náà láti kékeré títí mo fi hu ewú, n kò rí oníbàárà kankan tó jàre. Ọlọ́pàá kan wá lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ kàn án, ó pa dé. Ó dúró títí ó fi là padà, ó fi ìka kékeré kàn án jẹ́jẹ́, ó tún pa dé.

Ọlọ́pàá ní, “Ìyá, ewé yìí ń ṣègbè.”

Ìyá ní, “Kò ṣègbè, Ọ̀gá. Bí ẹ ṣe ń nájà ló ń tì í lójú.”

Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì títí di òní. Nígbà tí mo kọ́kọ́ délé láti yunifásítì, mo ń fọ́nnu pé wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń pín ewéko sí ìdílé-ìdílé. Ìyá bi mí pé kí la fi ń pín in. Mo ní òdòdó ni. Wọ́n jẹ ewúro wọn tán kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní, “Ó mà ṣe o. Ọ̀nà jíjìn lo rìn, Àkànní, nítorí ohun tó wà nídìí àpótí mi.”

Àṣé àwọn ti pín tiwọn tipẹ́, wọ́n sì ti sọ ìdílé kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ilé ẹ̀wà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi han ènìyàn. Wọ́n á já òdòdó kan, wọ́n á fi èékánná ya á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: àwẹ́ ńlá kan dúró lẹ́yìn bíi gèlè tí wọ́n wé gogoro, méjì nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìyẹ́ labalábá, méjì tó kù lẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n á ní ibi yòówù kéèyàn ti rí onígèlè yìí, ì báà jẹ́ koríko, ì báà jẹ́ ìtàkùn, ì báà jẹ́ igi tó ga bí òpó iná, ilé ẹ̀wà ló ti wá. Àwọn ará ilé efinrin ní tiwọn, igi wọn ní igun mẹ́rin bí ẹsẹ̀ tábìlì, òdòdó wọn sì ní ètè méjì, tòkè àti tìsàlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níjòókòó. Ilé ilá ni ìṣápá àti òwú wà. Ewé wọn ń yọ̀, àárín òdòdó wọn sì yọ ọ̀pá kan síta tí lẹ́búlẹ́bú kún ara rẹ̀.

Ilé ewúro ló máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù. Èyí tí ojú rí bí òdòdó kan ṣoṣo níbẹ̀, ogún ni, òdòdó wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó jọ sórí kan. “Agboolé wa gẹ́lẹ́,” Ìyá á wí, “ìloro kan, ogún ìdílé, kò sì sẹ́ni tó ń gbálẹ̀.” Bí àwọn ìyàwó tuntun bá wá ra ewé, ilé elégédé ni Ìyá ń mú wọn lọ. Níbẹ̀, akọ òdòdó dá wà, abo dá wà, lórí ìtàkùn kan náà. Wọ́n á gbé abo òdòdó ejìnrìn síwájú àwọn ìyàwó, wọ́n á fi hàn wọ́n bó ṣe ti gbé èso kékeré kan sẹ́yìn ara rẹ̀ kó tó tanná rárá, kí oyin kankan tó gbé nǹkan bọ̀ láti ọ̀dọ̀ akọ. “Ẹ wò ó, ó ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ọkọ ò tíì mọ̀nà ilé.” Àwọn ìyàwó á fi ìborùn bojú, wọ́n á ra ju ohun tí wọ́n fẹ́ rà lọ.

Ìyá kì í gba ẹrù ewé lọ́wọ́ àwọn tó ń já a wá láti oko bí kò bá sí òdòdó tàbí èso kan nínú rẹ̀. Bí ẹlẹ́rù bá ń búra pé ewé náà ni, wọ́n á ní, “Ewé ń fara wé ara wọn bí ọmọ iléèwé tó ń jíwèé wò. Lọ mú òdòdó wá, òun ni n ó bi.”

Ìjà wa tó pẹ́ jù ni ti ìbẹ́pẹ. Ìyá gbà pé kò sí ewé tí kò ní ibùgbé, ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí ewé ń sùn kò mọ ewé náà. Rínrín, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, ẹ̀yìn balùwẹ̀ lára ògiri tútù ló ń sùn. Òṣíbàtà ń sùn lórí omi tí kò ṣàn, ó tẹ́ ewé rẹ̀ pẹrẹsẹ bí àwo, ó sì gbé òdòdó rẹ̀ sókè kó má tutù. Agogo igún, tí òdòdó rẹ̀ tẹ̀ bí ọrùn ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, etí ààtàn ni tirẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo èyí tán, mo wá fẹ́ fi tèmi kún un. Mo ní ìbẹ́pẹ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, òkè òkun ni wọ́n ti gbé e wá.

“Ta ló gbé e?”

“Àwọn òyìnbó ọlọ́kọ̀ ojú omi ni, Ìyá, láyé àtijọ́.”

“Ìbẹ́pẹ ẹ̀yìn ilé wa?”

“Àwọn baba ńlá rẹ̀.”

“Ẹ̀gẹ́ ńkọ́?”

“Ẹ̀gẹ́ náà, Ìyá. Àti kajú.”

“Kí làwọn baba wa wá ń jẹ?”

“Iṣu.”

“Iṣu lójoojúmọ́.” Wọ́n mi orí. “Abájọ tí wọ́n fi ń jagun.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n lọ tààrà, wọ́n kúnlẹ̀ kí ìbẹ́pẹ. “Ẹ káàárọ̀, Àlejò. Ẹ má bínú pé a ò tíì fún yín lómi. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé ẹ ò kí ń ṣe ará ilé.” Odindi oṣù kan ni gbogbo agboolé fi ń pe ìbẹ́pẹ ní Àlejò. Bí mo bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ lọ bèèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi náà ò gbà. Mo na ọwọ́ sí tanná-pòṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa, èyí tó máa ń là nígbà ìrun Aláásárì, tí òdòdó pupa, funfun àti òfeefèé lè wà lórí igi rẹ̀ kan ṣoṣo, tí òórùn rẹ̀ sì ń gba gbogbo àgbàlá. Mo ní òun pàápàá, àlejò ni, láti ilẹ̀ ibi tí ìbẹ́pẹ ti wá. Ìyá ti ń gbin tanná-pòṣó láti kékeré. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, “Nínú Ìbàdàn yìí, ta ni kò ti ibì kan wá? Láti Ìjàyè ni wọ́n ti mú ìyá ìyá mi wá síbí. Bó o bá fẹ́ lé tanná-pòṣó lọ, kọ́kọ́ bá mi di ẹrù tèmi.”

Mo lọ bu omi sí ìdí tanná-pòṣó.

Ní iwájú ìsọ̀ Ìyá gan-an, ní òdìkejì ọ̀nà tóóró, ni ìsọ̀ Ìyá Mùlíkà wà, àwọn náà ń ta ewé. Ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì. Lójú gbogbo ọjà, ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí wọn kò ti wọ ìsọ̀ ara wọn. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni pé Ìyá Mùlíkà sọ fún oníbàárà kan pé ewé Ìyá ti ń rọ, Ìyá sì dá a lóhùn láti òdìkejì pé ewé tàwọn rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n Ìyá Mùlíkà ti rọ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò tán mọ́. Bí ọ̀kan bá pẹ́ kó tó dé ọjà, èkejì á máa na ọrùn wo ọ̀nà, ṣùgbọ́n bó bá ti yọjú, á gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bi Ìyá pé kí ló dé tí wọn ò fi parí rẹ̀. Wọ́n ní, “Kí n wá máa wo ta ni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?”

Ó tó àkókò láti sọ ti ewé yẹn.

Bí Ìyá ṣe mọ ìdílé òdòdó tó, wọn kì í fi ìdílé to ìsọ̀. Èyí ló ń bí mi nínú. Ewé mímu wà lọ́tùn-ún, ti ìwẹ̀ wà lósì, ti ìpara wà níwájú. Èyí tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá wà lẹ́yìn àpótí, nínú apẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n fi aṣọ pupa so lẹ́nu. Nítorí náà, ọmọ ilé ẹ̀wà méjì wà ní ìsọ̀ náà tí wọn kì í rí ara wọn sójú. Ọ̀kan ni ojú ológbò. Ìtàkùn tín-ín-rín ni, ó ń lọ́ mọ́ igbó, èso rẹ̀ sì ń ní kóró pupa fòò tó ní ojú dúdú kan. Kóró yẹn ń pani, Ìyá kì í jẹ́ kí ẹyọ rẹ̀ kan wọ ìsọ̀. Àmọ́ ewé rẹ̀ dùn lẹ́nu bíi ṣúgà, òun ni àwọn ìyá ọlọ́mọ ń wá fún ikọ́. Èkejì ni à ń pè ní ewé apẹja. Igi kúkúrú ni, òdòdó rẹ̀ funfun, ó sì tóbi. Àwọn apẹja ń gún ewé rẹ̀ dà sódò kí ẹja lè dákú léfòó. Ọkùnrin kan tó ń sin ewúrẹ́ ní Mọ́lété ló máa ń wá rà á, ó ń fi omi rẹ̀ wẹ ewúrẹ́ kí eégbọn lè kú.

Ewé àwọn méjèèjì tò ní méjì-méjì bí eyín òòyà. Bó bá wà lórí igi, ènìyàn lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, nítorí ewé apẹja ní ẹyọ kan tó dá dúró ṣóńṣó lórí, ojú ológbò kò ní in. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti já a kúrò lára igi, tó ti gbẹ, tí wọ́n sì dì í, kí Ọlọ́run gba tíṣà.

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Ìyá ń lọ kírun Àyìlá, wọ́n ní kí n bá wọn wo ìsọ̀. “Jókòó. Má fọwọ́ kan nǹkan kan.” Mo jókòó. Mo wò yíká. Efinrin ń bá ejìnrìn sùn, ewúro wà láàárín ìṣápá. Èmi tí mo ń na ọmọ kíláàsì kejì nítorí irú ìtò bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un tò, ìdílé-ìdílé, bó ṣe wà nínú ìwé. Mo tú aṣọ pupa. Mo kó gbogbo ilé ẹ̀wà sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Mo ya páálí, mo kọ orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan sí i ní Látìn, mo tì í bọ ẹnu apẹ̀rẹ̀ kí ojú lè ríran. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Obìnrin kan wá, ọ̀dọ́ ni, ọmọ ọwọ́ ń wú ikọ́ lẹ́yìn rẹ̀. “Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ewé ikọ́ ọmọdé ni mo fẹ́ rà.” Mo ti ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀wà, mo mú ìdì kan fún un, mo tún dá a dúró láti sọ fún un irú ìdílé tí ewé náà ti wá. Ó ní “Ẹ ṣé sà,” ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ìyá dé. Wọ́n dúró, wọn ò jókòó. Wọ́n wo páálí.

“Ta ló wọ ilé mi?”

“Èmi ni, Ìyá. Mo tò ó ní ìdílé-ìdílé. Gbogbo ilé ẹ̀wà ti wà pa pọ̀ báyìí.”

“Bí ọmọ ìyá rẹ bá jẹ́ olè, ṣé inú yàrá owó lo máa ń tẹ́ ẹní fún un, nítorí pé ọmọ ìyá yín ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ̀ mọ́ apẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ewé kan nínú ìdì kan tó ti tú, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n tutọ́. Wọ́n fi àtàńpàkò pa abẹ́ rẹ̀, níbi tí irun wẹ́wẹ́ wà bíi ti aṣọ àrán. Wọ́n ka ìdì tó kù: ti apẹja ti dín kan.

“Ta lo tà fún?”

Mo sọ.

“Ibo ló gbà?”

“N ò mọ̀ ọ́n, Ìyá. Bẹyẹrúnkà ló ní kí ọlọ́kadà gbé òun lọ.”

Ìyá ò pariwo. Mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò ni wọ́n padà sí, èmi sì ń sá tẹ̀ lé wọn. Wọ́n bá ládàánì níbi tó ti ń ká wáyà. Wọ́n ní kó tan sípíkà. Ohùn rẹ̀ jáde sórí gbogbo páànù Ọjà'ba: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ìyá Eléwé ìsàlẹ̀ Mápó ní kí ẹni tó ra ewé ikọ́ ní ìsọ̀ wọn lónìí má sè é. Ẹni tó bá ti sè é, kó dà á nù. Wọ́n ní ewé apẹja ni. Wọ́n ní àwọn ló ṣì í mú.”

Mo dì wọ́n lápá mú. “Ìyá, kì í ṣe ẹ̀yin.”

“Pa ẹnu dé. Wá ọ̀kadà.”

Kí a tó yí padà, àwọn ènìyàn ti ń rọ́ bọ̀ pẹ̀lú ewé lọ́wọ́. Àwọn tó ra ewé lánàá wá, àwọn tó rà á ní ọdún tó kọjá wá. Bàbá arúgbó kan gbé èyí tó rà lọ́dọ̀ Ìyá Mùlíkà wá, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n bá òun yẹ ẹ́ wò. Ìyá la àárín wọn kọjá bí ẹni tí kò ríran.

Ọ̀kadà kan ló gbé àwa mẹ́ta, ọlọ́kadà níwájú, Ìyá láàárín, èmi lẹ́yìn. Ìyá ò gun ọ̀kadà rí. Ọlọ́kadà ń rọra lọ nítorí àgbà. Ìyá gbá a léjìká, wọ́n ní, “Ọmọ mi, bó o bá fẹ́ rọra, sọ̀ mí kalẹ̀ kí n máa sáré.”

A dé Bẹyẹrúnkà. Ilé rọ mọ́ ilé, ọ̀nà há, obìnrin tí a ń wá kò lórúkọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ sípíkà ìsàlẹ̀ Mápó níbẹ̀. Ìyá dúró, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí agogo ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ṣọ́ọ̀ṣì yẹn jà. Wọ́n ti lọ bá wọn lẹ́ẹ̀mẹta pé ariwo agogo wọn ń dé ilé wa ní ìdájí. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé pẹ̀lú ìbòrí wọn. Bàbá Aládùúrà dìde.

“Ìyá, ẹ ti tún dé. A ò tíì lù ú lónìí.”

“Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Ẹ lù ú. Ẹ lù ú bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mo ti ta májèlé fún ọmọ yín kan.”

Wọ́n lù ú. Àwọn obìnrin ń jáde lẹ́nu ọ̀nà, nítorí àsìkò ìsìn kọ́ ni. Ojú mi ń sáré láti orí kan sí orí kan. Obìnrin náà wá jáde láti inú ilé kan tó ní ògiri pupa, ọmọ wà lápá rẹ̀, ife wà lọ́wọ́ kejì, ó ń fẹ́ ẹ kó lè tutù. Mo na ọwọ́. N kò tíì lè sọ̀rọ̀ tí Ìyá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n gbá ife náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi ewé dà sí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì.

“Ṣé ó ti mu?”

“Rárá, Mà. Ó gbóná. Kí ló dé?”

Ìyá jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n sọ fún obìnrin náà, lójú gbogbo Bẹyẹrúnkà, pé ọjọ́ orí ti dé sí àwọn, ojú àwọn ti ń ṣe bàìbàì, àwọn ló kó ewé burúkú sí apẹ̀rẹ̀ rere. Obìnrin náà ń wò mí, nítorí ó mọ ẹni tó tà á fún òun. Ìyá ní, “Ohun tí mo dì sílẹ̀ ló mú fún ọ. Kò mọ ewé. Tíṣà ni.”

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá fi páálí Látìn mi fẹ́ná. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi gbé ẹ̀bi mi rù. Wọ́n ní, “Orúkọ ta ni kí n fún ládàánì? Bí wọ́n bá ní Àkànní ní kí wọ́n da ewé nù, wọ́n á ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á mu ún. Orúkọ tèmi ló lè gbé ìkòkò kúrò lórí iná.”

Orúkọ náà ni Ọjà'ba wá fi ọdún mẹ́jọ jẹ. Oníbàárà dín kù. Èyí tó wá náà á na ewé sókè, á ní, “Ìyá, ṣé ti ẹja kọ́?” Ìyá Mùlíkà ni olórí àwọn tó ń bú wọn. Bí Ìyá bá ti ń kọjá, wọ́n á ké sí àwọn ẹlẹ́ja pé kí wọ́n bo ọjà wọn. Wọ́n á sọ fún oníbàárà pé, “Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ léfòó, òdìkejì ni kó o lọ.” Ìyá á máa jẹ ewúro wọn lọ. Èmi á máa wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ọjà'ba, ẹ̀yin ará Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà, èmi ni mo tú aṣọ pupa. Èmi ni mo ta ewé apẹja. Ìyá Eléwé kò ṣi ewé mú rí.

Nígbà tí fídáù parí, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsọ̀ Ìyá Mùlíkà láti sọ èyí fún wọn kí n tó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn ni ẹnu ọjà. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ nípa ewé ọjọ́ yẹn.

Wọ́n ní, “Ṣé ti pé ìwọ lo tún ìsọ̀ tò?”

Mo gbórí sókè.

“Lójú mi báyìí lo ti ń ya páálí. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ní Sìfáwù á fi apẹ̀rẹ̀ dá ọ lórí. N ò mọ̀ pé wàá tún tajà.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?”

“Ó wá bá mi lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì ọjọ́ yẹn. Ó wọ ìsọ̀ mi, ó jókòó síbi tó o wà yẹn. Ó ní bí ọ̀rọ̀ náà bá dé iléèwé yín pé o fún ọmọ ní májèlé, wọn ò ní jẹ́ kó o kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní bí mo bá dákẹ́, àwọn èèyàn á fura. Ó ní kí n máa bú òun, kí n sì bú u dáadáa.”

“Ẹ sì bú wọn dáadáa, Mà.”

“Ọdún méjì àkọ́kọ́, ó dùn mọ́ mi,” ni Ìyá Mùlíkà wí. Wọ́n wo òdìkejì ọ̀nà, níbi tí páànù mẹ́rin wà tí kò sí ẹnì kankan lábẹ́ rẹ̀. “Nítorí tìẹ ni mo ṣe bú u ní ọdún mẹ́fà tó kù. Lọ sọ fún wọn, mi ò dá ọ dúró. Àmọ́ kọ́kọ́ dá mi lóhùn, Tíṣà. Ta ni kí n wá máa bú báyìí?”